Kí Etí Ọmọ Tó Là

Sàlímọ́tù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọmọ inú orogún rẹ̀ pé kó dúró, kó má bọ̀ mọ́, ọmọ náà sì gbọ́.

Kì í ṣe pé kò mọ ohun tó ń ṣe. Ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyẹn tó ti ń gbálẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò kan ní Wuse, ní olú ìlú orílẹ̀-èdè, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ síkáànù wo inú aláboyún. Kò kàwé kọjá kíláàsì kẹrin, ṣùgbọ́n bó ṣe ń nu ilẹ̀ ló ń wo ojú ẹ̀rọ. Ó mọ̀ pé ní oṣù kejì, ọmọ kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, nǹkan kan a sì máa ṣẹ́jú nínú hóró ẹ̀wà náà. Ọkàn rẹ̀ nìyẹn. Ó mọ̀ pé ní oṣù kẹta, orí a máa tóbi ju ara lọ, ọwọ́ tó rí pẹlẹbẹ tẹ́lẹ̀ a sì pín sí ìka. Ní oṣù kẹrin, egungun á máa funfun, ọmọ á máa ju ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́. Láàárín ìkarùn-ún sí ìkẹfà, etí á là. Láníyì tó ń tẹ ẹ̀rọ ló sọ ìyẹn, lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan ń bá ìyàwó rẹ̀ jà lórí bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò. Ó ní, “Alàgbà, ẹ rọra o. Ọmọ yín ń gbọ́ yín.”

Láníyì kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n dókítà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Òun náà ń pe Sàlímọ́tù ní Pùrófẹ́sọ̀. Tí ọwọ́ bá dilẹ̀, á ní kó wo ojú ẹ̀rọ kó sọ iye oṣù. Sàlímọ́tù á sọ ọ́, kì í tàsé.

Oyún mẹ́rin ti bàjẹ́ lára òun fúnra rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ yẹn náà ló ti rí ìkẹrin. Hóró ẹ̀wà náà wà níbẹ̀. Kò sí ohun tó ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀.

Tájù ọkọ rẹ̀, ọmọ Ìlọrin tó ń ta táyà nítòsí ọjà Wuye, ṣe sùúrù fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ní ọdún kẹtàdínlógún, ó fẹ́ Ummulkhulthum, ọmọbìnrin kan tó ń rán hìjáàbù, tí gbogbo ilé ń pè ní Ummu. Sàlímọ́tù kò bá a jà. Òun ló fi ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran tó dáa hàn án, òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tan jẹnẹrétọ̀ ilé náà. Ummu ń pè é ní Àǹtí, ó sì ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, ìkúnlẹ̀ gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi orúnkún kan ṣe.

Ìgbà tí oṣù Ummu dúró ni gbogbo nǹkan yí padà. Ẹ̀gbọ́n Tájù obìnrin wá sí ilé wọn ní Wuye ní ọjọ́ Àìkú kan, ó jókòó sórí àga, ó ní bí Ummu bá ti bí, yàrá iwájú ni yóò kó sí. Yàrá iwájú, Sàlímọ́tù ló ń gbé ibẹ̀. Ó ní kí Sàlímọ́tù padà sí Ìlọrin lọ máa tọ́jú ìyá ọkọ wọn. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín.

“Ìwọ tí ò ń gbálẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wo ọmọ ọlọ́mọ lójoojúmọ́, ṣé òórùn rẹ̀ kì í ràn ni?”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Tájù kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lórí fóònù rẹ̀.

Ìyẹn ló dun Sàlímọ́tù jù. Kì í ṣe Ìlọrin ló ń bẹ̀rù. Ẹni tí wọ́n bá dá padà sílé ní ọwọ́ òfo, kò sẹ́ni tó máa ń bi í ní ohun tó fi gbogbo ọdún yẹn ṣe.

*

Ẹni tó júwe Jàbárù fún un kò pè é ní oníṣègùn. Ó kàn ní bàbá kan wà ní Jahi tó ń ṣọ́ ilé.

Òótọ́ ni. Ilé tuntun bí ogún ni wọ́n, tí ẹni tó ń kọ́ wọn ti pa tì. Wọ́n ní ògiri, wọ́n ní ihò fèrèsé, wọn kò lórùlé. Ọ̀sán gangan ni bàbá náà ní kó wá, àsìkò tí wọ́n máa ń kìlọ̀ fún aláboyún pé kó má rìn nínú oòrùn, nítorí ohun tó ń wá ara tí yóò wọ̀ ń rìn nígbà náà. Ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ gbé e dé ẹnu géètì wo inú ọgbà náà. Ó ní kai, òun kò wọ ibẹ̀. Ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà.

Jàbárù jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń jẹ ẹ̀bà tútù. Arúgbó ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó gbẹ bí ẹja. Kò wọ aṣọ oògùn kankan, ṣẹ́ẹ̀tì mègáádì ló wọ̀, tọ́ọ̀ṣì sì wà lápò rẹ̀. Kò béèrè orúkọ. Iye oṣù ló béèrè.

Sàlímọ́tù ní oṣù méjì ni. Bàbá náà ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó yọ fọ́tò síkáànù jáde, èyí tó mú nínú báàgì Ummu láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Hóró ẹ̀wà, ó mọ́ ketekete. Wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé igun bébà náà kan kúrò, níbi tí orúkọ máa ń wà. Àwọn aláboyún tó bá ń bẹ̀rù ayé máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò ya Sàlímọ́tù lẹ́nu.

Jàbárù wo fọ́tò náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí àwọn ògiri tó yí wọn ká.

“Bí ilé ni ọmọ rí. Ìpìlẹ̀ ló ń ṣáájú, ògiri tẹ̀lé e, òrùlé ló kẹ́yìn. Ohun tí wọn ò tíì kọ́, èèyàn lè ní kí wọ́n má kọ́ ọ. Èyí tí wọ́n bá ti kọ́, ó ti bọ́.”

Ó bi í bóyá ó mọ ìgbà tí etí ọmọ máa ń là. Sàlímọ́tù sọ ọ́ fún un, láàárín ìkarùn-ún sí ìkẹfà. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní láti kékeré òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun kò rí oníbàárà tó mọ ibi tí etí wà rí. Ó ní ọ̀sán mọ́kànlélógójì ni iṣẹ́ náà. Kó bẹ̀rẹ̀ tí oṣù kẹta bá ti wọlé, kó parí rẹ̀ kíá.

“Kí etí rẹ̀ má là mọ́ ọ lẹ́nu o.”

“Tó bá là ńkọ́, bàbá?”

Jàbárù fi ìka nu abọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. “Kì í ṣe oògùn mọ́ nìyẹn. Ẹnu rẹ ni yóò máa wò.”

Ó gbé fọ́tò náà sórí búlọ́ọ̀kù nínú oòrùn. Láti etí ni bébà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ó dúdú wọ àárín, títí tí gbogbo rẹ̀ fi dà bí ìdí ìkòkò. Hóró ẹ̀wà náà nìkan ni kò dúdú. Ó funfun láàárín rẹ̀, bí ojú tó là.

Jàbárù fà sẹ́yìn. Ó ní, “Ọmọ yìí kò sí níbi tí o ní ó wà.”

Sàlímọ́tù ní bí bébà yẹn ṣe máa ń ṣe nìyẹn, bí oòrùn bá kàn án, dúdú ló ń dì. Òun ti rí i níbi iṣẹ́ ní àìmọye ìgbà. Òun mọ oṣù oyún lójú, òun kì í tàsé. Jàbárù wò ó. Ó ní ó dáa.

Kò gba náírà kankan. Ó ní iṣẹ́ yìí máa ń gba ohun tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó fún un ní nǹkan kékeré kan tí wọ́n fi awọ dì, kó máa fi sábẹ́ ahọ́n, ó sì kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

*

Ní Wuye, Ummu náà kò jókòó lásán.

Ìyá rẹ̀, Rísíkàt, wà ní Ìlọrin, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń pè é lórí fóònù. Gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, hàntú ń bọ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì kékeré láti ibùdó ọkọ̀, omi tí àlùfáà fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà. Ummu á mu díẹ̀, á fi díẹ̀ pa ikùn. Tírà aláwọ wà ní ìdí rẹ̀, pín-ìnnì sì wà ní àyà hìjáàbù rẹ̀. Hìjáàbù tó ń wọ̀ nígbà yẹn fẹ̀ bí àgọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í ní iye oṣù, á rẹ́rìn-ín, á ní oṣù ti kọjá lórí òun lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Sàlímọ́tù kíyè sí i pé ó ń sanra. Ó ní oúnjẹ ni.

Sàlímọ́tù a máa kúrò níbi iṣẹ́ bí aago méjìlá bá ti lù. Ummu, tó bá ti kírun àìlà tán, a dùbúlẹ̀ sórí ẹní nínú yàrá rẹ̀, a sùn. Ilé á dákẹ́. Tájù wà lọ́jà. Oòrùn á gba ojú fèrèsé wọlé, á dúró láàárín yàrá bí ẹni tí wọ́n ní kó má jókòó.

Ní ọ̀sán àkọ́kọ́, Sàlímọ́tù ṣí ìlẹ̀kùn náà, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó sùn, ó fi awọ náà sábẹ́ ahọ́n. Ó ta á bí ata. Òórùn tírà tó wà ní ìdí Ummu gba yàrá kan, òórùn ẹran tí iná ń jó. Ó rọra sọ ọ́, kò ju ohùn tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lọ.

“Ẹ̀jẹ̀ ni ọ́ tẹ́lẹ̀, padà di ẹ̀jẹ̀.
Omi ni ọ́ tẹ́lẹ̀, padà di omi.
Gbọ́ ohùn mi, kí o dúró.”

Ó dìde, ó lọ sí ilé ìdáná, ó lọ se ìrẹsì. Ó bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ummu jẹ ẹ́ tán, ó ní Àǹtí, ẹ ṣeun.

*

Ọ̀sán kẹsàn-án, awọ tírà Ummu ya. Ummu mú abẹ́rẹ́, ó rán an padà, ó sì pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ohùn Rísíkàt ń ti inú fóònù jáde dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní kí Ummu má bẹ̀rù, nǹkan ń lu ara wọn ni, tirẹ̀ kò ní fọ́.

Ọ̀sán kejìlá, ahọ́n Sàlímọ́tù wú. Fún ọjọ́ méjì, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó ti mutí. Láníyì ní, “Pùrófẹ́sọ̀, ta ló fún yín ní ọtí láàárọ̀?” Ó rẹ́rìn-ín, ó dùn ún.

Ọ̀sán kẹtàdínlógún, kẹ́ẹ̀gì hàntú là sí méjì níbi tí wọ́n gbé e sí. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọmọńlé méjì tó lá omi náà ti kú sílẹ̀, wọ́n dojú bolẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ bo etí. Bó ṣe rí lójú Sàlímọ́tù nìyẹn. Ó gbá wọn dànù.

Ọ̀sán kọkànlélógún ló yẹ kó ti dúró. Bó ṣe ní “Gbọ́ ohùn mi” báyìí, hìjáàbù tó bo ikùn Ummu sún. Nǹkan kan ti ọwọ́ ọ̀tún inú rẹ̀ kọjá wá sí òsì, sí apá ibi tí Sàlímọ́tù jókòó sí, ó sì kóra jọ síbẹ̀ bí ẹni tó jókòó ti ògiri tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé kejì. Sàlímọ́tù ní, “Kí o dúró.”

Ó dúró.

Sàlímọ́tù fi ìka ka oṣù. Ọmọ oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ kò lè mira kí aṣọ sún. Ó gùn tó ìka ọwọ́ ni. Ojú tí kì í tàsé níbi iṣẹ́ ti sọ fún un gbangba, ṣùgbọ́n ó ní kí ojú náà dákẹ́. Ó ní afẹ́fẹ́ inú ni, ẹ̀wà ni Ummu jẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà ni ẹ̀gbọ́n Tájù rán télọ̀ wá pé kó wá wọn fèrèsé yàrá iwájú fún kọ́tìnnì. Sàlímọ́tù fúnra rẹ̀ ló bá a di ẹnu téèpù mú.

Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún ogún ọ̀sán sí i.

*

Ọ̀sán kọkànlélógójì bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé, Sàlímọ́tù ń nu ilẹ̀ ní Wuse nígbà tí Tájù gbé Ummu wọlé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ó gbé e pọ̀n ni. Ilé ìwòsàn mìíràn ni Ummu ti ń ṣe àyẹ̀wò láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ibí ló sún mọ́ ojú ọ̀nà jù. Ọmọ náà kò mira láti Ọjọ́bọ̀.

Láníyì kò ṣe àwàdà. Ó da ohun tútù yíyọ̀ sí ikùn náà, ó gbé ọwọ́ ẹ̀rọ lé e. Sàlímọ́tù dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú mọ́ọ̀bù lọ́wọ́. Nígbà tí àwòrán náà jáde, mọ́ọ̀bù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ènìyàn ló wà níbẹ̀. Imú wà, ètè wà. Eegun ẹ̀yìn tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Àtàǹpàkò kan wà lẹ́bàá ẹnu. Ìpéǹpéjú ṣí, ó tún padé. Ọkàn ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ó ń lọ́ra, bí ẹni tó ń ro ó bóyá kí òun máa lọ.

“Ó ti wọ oṣù keje dáadáa,” ni Láníyì wí.

“Kò tíì pé márùn-ún,” ni Sàlímọ́tù wí. Kò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

Lójú ẹ̀rọ, ọmọ náà yí orí sí apá ẹnu ọ̀nà. Ọkàn náà wá ń lọ́ra sí i. Láníyì tẹ orí síwájú, ó ń tẹ bọ́tìnnì, ó ń pe ọmọ náà jẹ́jẹ́ bí wọ́n ṣe ń pe ẹyẹlé.

Ummu na ọwọ́ sí Sàlímọ́tù. Omi ti bo ojú rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ló máa ń dá lóhùn. Tí ẹ bá ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ tì mí lọ́sàn-án, bí n kò tilẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ló máa ń kọjú sí. Mo máa ń ṣe bíi pé mo sùn, kí n má baà dá àdúrà yín dúró.”

Sàlímọ́tù rìn wọlé. Ó mú ọwọ́ Ummu, ó tẹ̀ba, ó sì fi gbogbo ọkàn rẹ̀ sọ ọ́, bóyá ìgbà àkọ́kọ́ tó fi gbogbo ọkàn sọ nǹkan láti ọdún tó ti pẹ́.

“Ọmọ mi, jọ̀ọ́. Má dúró mọ́. Máa bọ̀.”

Ìmọ́lẹ̀ kékeré tó ń ṣẹ́jú náà kú.

Ó kú tó ìgbà tí ènìyàn lè kà dé mẹ́rin. Tájù ké. Sàlímọ́tù fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀, ó fún un mọ́ra bí ẹni tó fẹ́ fà á ya, kò sì mí. Ìmọ́lẹ̀ náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Ó tún ṣẹ́jú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Nígbà náà ló yé e. Ọmọ náà kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ohùn ló mọ̀. Bó bá ti gbọ́ ohùn yẹn, yóò ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti inú. Yóò dúró.

*

Ó sáré jáde, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Jahi. Kò lè sọ ibi tó ń lọ fún ẹni tó ń wà á, ọwọ́ ló fi ń júwe.

Wọ́n ti kan òrùlé. Páànù pupa ń tàn lórí gbogbo ilé náà, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń kun ògiri. Ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, ó ní sànnu, Màmá. Sàlímọ́tù fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe arúgbó, ó fi ọwọ́ ṣe tọ́ọ̀ṣì. Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní láti ìgbà tí àwọn ti dé, kò sí mègáádì kankan níbẹ̀, àwọn ajá nìkan làwọn bá.

Búlọ́ọ̀kù náà ṣì wà. Fọ́tò náà wà lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ kò gbé e. Ó dúdú bó ṣe wà, ṣùgbọ́n funfun àárín rẹ̀ kì í ṣe hóró ẹ̀wà mọ́. Ó ti dàgbà. Orí wà níbẹ̀, ẹ̀yìn wà níbẹ̀, ó ká ara rẹ̀ kò. Ó fi ọwọ́ kan sí etí, bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa tó ń ní kí wọ́n tún un sọ.

*

Rísíkàt ti Ìlọrin dé ní ọjọ́ kejì. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn náà ló wá bá Sàlímọ́tù ní ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń fọ aṣọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, “ẹ” ló ń fi kí i, ìyáálé ọmọ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò kí i.

“Má dá mi lóhùn. Ummu ti sọ fún mi nípa àdúrà rẹ.”

Ó fa búlọ́ọ̀kù kan, ó jókòó. Ó ní ní ilé àwọn, wọn kì í ka oṣù oyún létí ènìyàn. Òun lòun ní kí Ummu fi oṣù méjì pamọ́. Òun lòun ní kó fi fọ́tò àtijọ́ sínú báàgì, kí ẹni tó bá fẹ́ jí i jí i, òun lòun sì ní kó gé igun rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n ya á wà. Kí oògùn yòówù tó bá ń bọ̀ lè pẹ́ kó tó dé.

“Ó pẹ́ lóòótọ́,” ni Rísíkàt wí. “Etí ti là kó tó dé. Ká ní mo jẹ́ kí o mọ oṣù tó jẹ́, ìwọ tí o mọ̀ ọ́n wò, o ì bá ti mọ̀ pé ó ti bọ́. O ò ní wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.”

Sàlímọ́tù kò gbé orí sókè. Ọṣẹ ti gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Rísíkàt ní òun ti bi àlùfáà léèrè. Ó ní kò sí omi tó ń fọ ohun tí ọmọ bá ti gbọ́ nínú. Ẹni tó sọ ọ́ ni kó dákẹ́.

“N kò ní sọ fún Tájù. Kì í ṣe nítorí rẹ o. Irọ́ tèmi náà wà nínú ẹ̀.” Ó dìde, ó gbọn ìdí rẹ̀. “Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ nínú ilé yìí, ọwọ́ mi ni màá fi yọ ahọ́n yẹn.”

Rísíkàt kò gbọ́ ohùn náà mọ́.

*

Obìnrin ni ọmọ náà. Wọ́n sọ ọ́ ní Shakirah. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, gbogbo obìnrin ilé kí Ummu kú ewu, àfi ìyáálé rẹ̀ tó dúró ti ògiri tó pa ẹnu dé. Ẹ̀gbọ́n Tájù wò ó, ó ní ìlara ti dí i lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó ta kò ó.

Ṣùgbọ́n Shakirah kì í sùn. Wọ́n gbé e, wọ́n rẹ̀ ẹ́, wọ́n fún un lọ́yàn, igbe ni. Ní alẹ́ kẹwàá, Sàlímọ́tù gbà á lọ́wọ́ wọn, ó pọ̀n ọ́n. Ọmọ náà fi etí lé ẹ̀yìn rẹ̀, ó dákẹ́, ó ń gbọ́. Ó sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó dárúkọ Ìlọrin mọ́. Wọ́n ta kọ́tìnnì tuntun náà sí yàrá iwájú, Sàlímọ́tù àti Shakirah ló sì ń sùn síbẹ̀. Gbogbo ohun tó fẹ́ kó má bọ́ lọ́wọ́ òun kò bọ́.

Ó ń fi ìborùn di ẹnu sùn, nítorí alẹ́ kan tó ṣèèṣì sọ̀rọ̀ lójú oorun tó sì jí bá ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó tutù, tí ètè rẹ̀ ti dúdú. Níbi iṣẹ́, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni Tájù pè é lórí fóònù lọ́jọ́ kan, Sàlímọ́tù ní “Hàlóò,” kò mọ̀ pé Tájù gbé ọmọ lé ejìká. Igbe Tájù ló gbọ́ tẹ̀lé e. Ó pa fóònù náà, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kankan níbikíbi mọ́. Láníyì ṣì ń pè é ní Pùrófẹ́sọ̀. Ìka ló fi ń ka oṣù fún un.

Nígbà tí ìyá tó bí Sàlímọ́tù ń kú lọ ní Ìlọrin, wọ́n gbé fóònù sí ìyá náà lẹ́nu. Ó ní, “Sàlímọ́tù, ṣé ìwọ ni? Dá mi lóhùn.” Sàlímọ́tù ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Shakirah ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó tẹ́tí títí èémí náà fi dáwọ́ dúró.

Shakirah ti pé ọmọ ọdún márùn-ún báyìí. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ayékòótọ́, ó sì fẹ́ràn Sàlímọ́tù, tó ń pè ní Màmá Àgbà, ju ìyá rẹ̀ lọ. Ẹ̀bẹ̀ kan náà ló máa ń bẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án, tí ilé bá dákẹ́, tí Ummu bá sùn.

“Màmá Àgbà, ẹ pè mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo mọ ohùn yín, mi ò kàn rántí ẹ̀ ni.”

Sàlímọ́tù á fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu rẹ̀ mú. Ọmọ náà á gun orí ẹsẹ̀ rẹ̀, á gbé etí lé ẹ̀yìn ọwọ́ náà, á máa dúró dè é. Ìyá kan ṣoṣo ni Shakirah ní tí kò pe orúkọ rẹ̀ rí, kò sì ní pè é títí tí wọn yóò fi sin ìyá náà.